Bí mo ṣe ń yan bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ fún ṣọ́tà kámẹ́rà àtijọ́

Ní ọjọ́ Sátidé kan, màmá mi jókòó síwájú kámẹ́rà mi nínú yàrá kékeré tí mo fi ń ya fótò nílé wa ní Manchester. Ó ró ìró àdìrẹ, ó wé gèlè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì wo ojú lẹ́ǹsì tààrà, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wò ó láyé ìgbà tí ènìyàn lè ya fótò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún márùn-ún. Mo ti to iná, mo ti ki fíìmù sẹ́yìn kámẹ́rà, mo sì ti fa pátákó dúdú tó bo fíìmù náà jáde. Mo di bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn ojú kámẹ́rà, mú lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fún un pọ̀, ojú ṣọ́tà sì là. Mo tú ọwọ́ mi sílẹ̀ kí ó lè padé, ṣùgbọ́n kò padé. Mo tún un fún pọ̀, mo tún un tú sílẹ̀, síbẹ̀ ó là kalẹ̀ bí ojú ẹni tí oorun dá. Kí n tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu lẹ́ǹsì, ìmọ́lẹ̀ ti wọlé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sórí fíìmù tí kò nílò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ, màmá mi sì ti yí ojú sí mi.

"Ṣé ó ti tán ni?"

"Rárá o, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó bàjẹ́ ni. A óò tún un yà."

"Kò burú, ọmọ mi. Kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rọ rẹ ná."

Ṣọ́tà náà kò ní àbùkù kankan. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí mo so mọ́ ọn ni kò bá a mu. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kámẹ́rà onípákó àtijọ́ lọ́wọ́, tó sì ń wá ohun tí yóò fi ṣí ojú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo ẹwà bọ́ọ̀lù náà, tàbí bí ó ṣe pẹ́ tó, kí wọ́n tó wo ohun tí ṣọ́tà tiwọn ń béèrè.

Ṣọ́tà ni ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń tì níwájú fíìmù, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún ìwọ̀nba àkókò tí a fẹ́. Láyé àtijọ́ pátápátá, nígbà tí fíìmù kò tíì dé, tí awo gíláàsì tí wọ́n ń lò kò sì tètè gba ìmọ́lẹ̀, ìdérí lẹ́ǹsì nìkan ti tó. Màmá mi ṣì rántí ayàwòrán kan ní Ìbàdàn, nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tó máa ń ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, tí yóò jáde síta, tí yóò ṣí ìdérí náà, tí yóò ka ení, èjì, tí yóò sì dé e padà. Nígbà tí awo tó yára dé, ọwọ́ ènìyàn kò yá tó mọ́. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà wá ẹ̀rọ tí yóò ṣe é, wọ́n sì rí i pé bí ọwọ́ bá kan ẹ̀rọ náà tààrà, kámẹ́rà yóò mì, àwòrán yóò sì ṣe bàìbàì. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà ni wọ́n fi yanjú rẹ̀: bọ́ọ̀lù rọ́bà kan lọ́wọ́ ayàwòrán, rọ́bà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara rẹ̀ jáde, àti pístìnì kékeré kan lára ṣọ́tà tí afẹ́fẹ́ náà yóò tì. Lẹ́tà B tó wà lára kámẹ́rà títí di òní, tí ṣọ́tà fi ń wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù rọ́bà yìí ló ti wá, nítorí pé bulb ni àwọn olóyìnbó ń pè é. Àwọn ọmọ tó ń fi kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ya ìràwọ̀ ń lo lẹ́tà náà lálaalẹ́ láìmọ̀ pé bọ́ọ̀lù rọ́bà ni wọ́n ń dárúkọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí a kò fi lo wáyà tí wọ́n fi ń tẹ ṣọ́tà, tí a lè rà níbi gbogbo. Èmi náà ń lò ó bí mo bá ń ya ilé tàbí igi. Ṣùgbọ́n wáyà kò gùn, àgàgà èyí tó dára. Bí mo bá lò ó, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà gan-an ni mo ní láti dúró sí, ẹni tí mo ń yà yóò sì máa wo irin àti igi dípò kí ó máa wo ènìyàn. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà méjì tàbí mẹ́ta ń jẹ́ kí n kúrò nídìí kámẹ́rà pátápátá. Mo lè dúró sí ibi tí mo bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ sí, kí n máa bá a sọ̀rọ̀, kí n rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tó bá mí kanlẹ̀, kí n sì fún bọ́ọ̀lù náà pọ̀ ní àkókò yẹn gan-an láìjẹ́ pé ó rí ọwọ́ mi. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ ṣì fi wúlò fún ẹni tó ń ya ènìyàn. Bí kò bá sí ti èyí ni, mi ò ní máa da ara mi láàmú lórí rọ́bà tó ń gbó.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa ṣọ́tà yín, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ni bóyá ó ń mí síta nìkan ni àbí ó ń mí síta tó sì tún ń mí sínú. Mo lo ọ̀rọ̀ mímí nítorí pé n kò rí èyí tó ṣe é ṣàlàyé jù ú lọ. Àwọn ṣọ́tà kan wà tó ní sipíríǹgì nínú ara wọn: ẹ ó ti kọ́kọ́ fa sipíríǹgì náà le, iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ yóò ṣe kò sì ju pé kó kan ìlẹ̀kùn lọ, kó yọ ìkọ́ kékeré kan, kí sipíríǹgì sì ṣe ìyókù. Àwọn mìíràn wà tí kò ní sipíríǹgì kankan tí ń ti ojú wọn pa. Afẹ́fẹ́ tí ẹ rán lọ ló ń ṣí wọn, afẹ́fẹ́ tí bọ́ọ̀lù fà padà nígbà tí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀ ló sì ń tì wọ́n. Ohun tó tó fún irú àkọ́kọ́ lè má wúlò rárá fún irú kejì.

Irú àkọ́kọ́ ni ṣọ́tà ara kámẹ́rà Thornton-Pickard tí mo kọ́kọ́ rà. Ní Altrincham, tí kò jìnnà sí ibi tí mo ń gbé, ni ilé iṣẹ́ náà wà láyé ìgbà náà, lẹ́yìn tí John Edward Thornton àti Edgar Pickard ti dá a sílẹ̀ ní Manchester ní ọdún 1888. Àpótí onígi pẹlẹbẹ ni ṣọ́tà yìí, ẹnu lẹ́ǹsì ni wọ́n ń gbé e sí. Aṣọ dúdú kan wà nínú rẹ̀ tó ní ojú fèrèsé láàárín, tí a ká mọ́ ọ̀pá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ ó fa okùn kí aṣọ náà lè ká sókè, ẹ ó yí kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fún sipíríǹgì le, bí ẹ bá sì yọ ìkọ́, fèrèsé inú aṣọ yóò kọjá níwájú lẹ́ǹsì ní ìdá kan nínú 15 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kí ó yára títí dé ìdá kan nínú 90. Ó ń dùn mọ́ mi láti gbọ́ bí aṣọ yẹn ṣe ń kọjá, bí ìgbà tí ẹyẹ bá fi ìyẹ́ gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nínú èyí tí mo ní, àpò rọ́bà tíńtín kan tó dà bí orí ọmú ìgò ọmọ ló wà lẹ́nu páìpù idẹ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dé, àpò yẹn yóò wú, yóò sì ti ìkọ́ sókè. Kò nílò agbára púpọ̀. Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni àpò náà fúnra rẹ̀, nítorí pé rọ́bà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kì í wú mọ́, ńṣe ló ń ya bí èèpo ẹ̀pà. Bí ẹ bá fún bọ́ọ̀lù tuntun pọ̀ lára irú ṣọ́tà yìí tí kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe dá bọ́ọ̀lù lẹ́bi títí ẹ ó fi yẹ inú páìpù idẹ wò. Ìka ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀ ni mo gé tí mo sì fi òwú dì dípò rẹ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún méjì báyìí.

Irú àkọ́kọ́ yìí kan náà ni Unicum tí ilé iṣẹ́ Bausch & Lomb ṣe ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, tí ẹ óò bá pàdé lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà tó ń ká pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Sìlíńdà idẹ méjì ló wà lójú rẹ̀ bí ìlù méjì tó dúró sí ọ̀tún àti òsì. Ọ̀kan ni afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù ń wọ̀, èkejì ló ń dá ìyára ṣọ́tà dúró, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní láti rọra jáde kí ojú ṣọ́tà tó lè padé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí. Sìlíńdà náà ń lọ́ra, mo rò pé ó gbẹ ni, mo sì kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Fún ọjọ́ mẹ́ta ó yọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà òróró yẹn ki mọ́ erukú, pístìnì sì lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà bí ẹni tí wọ́n fi àtè mú. Mo ní láti tú u palẹ̀, kí n fi epo tí wọ́n ń bù sínú láítà nù ún léraléra. Gbígbẹ ni kí irú sìlíńdà bẹ́ẹ̀ máa wà. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ fi nǹkan pa pístìnì rẹ̀, ẹ̀tù dúdú inú pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, èyí tó lẹ̀ mọ́ orí ìka nìkan ti tó.

Packard Ideal ni ti irú kejì, òun náà sì ni màmá mi jókòó síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo wí. Ìlú Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Ó rí pẹlẹbẹ, ó dúdú, ó sì ní igun mẹ́rin. Ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, nínú kámẹ́rà gan-an, ni a ń gbé e sí, èyí ló sì jẹ́ kí ó wúlò gidigidi fún àwa tó ní lẹ́ǹsì idẹ àtijọ́ tí kò ní ṣọ́tà tirẹ̀. Lẹ́ǹsì Petzval tàbí Dallmeyer tó wúwo bí odó kékeré yóò di èyí tó ṣeé lò bí ẹ bá fi Packard kan sẹ́yìn rẹ̀, bí ihò ṣọ́tà náà bá ti fẹ̀ tó gíláàsì ẹ̀yìn lẹ́ǹsì ọ̀hún. Ẹ fi rúlà wọn gíláàsì ẹ̀yìn yẹn kí ẹ tó ra ṣọ́tà, nítorí pé èyí tí ihò rẹ̀ kéré yóò gé igun àwòrán yín.

Oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ ni nọ́ńbà 5 àti nọ́ńbà 6. Nọ́ńbà 5 yóò là nígbà tí ẹ bá fún bọ́ọ̀lù pọ̀, yóò sì padé nígbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà 6 ní pín-ìn-nì kékeré kan tí a ń kì bọ ihò. Bí pín-ìn-nì yẹn bá wà níbẹ̀, fífún kan ṣoṣo yóò la ojú ṣọ́tà yóò sì pa á dé lójú kan náà, ní nǹkan bí ìdá kan nínú 25 ìṣẹ́jú àáyá bí ọwọ́ yín bá le tó sì yá. Bí ẹ bá rọra fún un, yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba ẹni tó bá ní owó méjèèjì níyànjú láti ra nọ́ńbà 6, ṣùgbọ́n nínú ilé, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tí a ti dín ojú rẹ̀ kù díẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo sábà máa ń nílò, nọ́ńbà 5 sì tó fún ìyẹn. Ẹ ka ení ní ọkàn yín láìkánjú, kí ẹ sì tú ọwọ́ sílẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tó ba fótò màmá mi jẹ́. Bọ́ọ̀lù ara ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni mo so mọ́ Packard náà. Ó lágbára, ó kún ọwọ́, rọ́bà rẹ̀ sì nípọn, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n fáàfù méjì ló wà lára rẹ̀: èyí tó wà nídìí ń gba afẹ́fẹ́ tuntun láti ìta, èyí tó wà lẹ́nu kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ti jáde padà. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ kí aṣọ tí wọ́n wé mọ́ apá aláìsàn máa le sí i. Fún ṣọ́tà tó ń mí sínú, ewu ni. Mo rán afẹ́fẹ́ lọ, ojú ṣọ́tà là, nígbà tí mo sì tú ọwọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù náà gba afẹ́fẹ́ láti ìdí dípò kí ó fà á padà láti inú ṣọ́tà. Pístìnì kò rí ohun tí yóò fà á wálẹ̀, ó sì dúró síbi tó wà. Lára Thornton-Pickard, bọ́ọ̀lù yìí kan náà ṣiṣẹ́ fún mi láìsí wàhálà, bí mo bá ti tú sikúrù ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa jò jáde, nítorí pé kíkan ìlẹ̀kùn lásán ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ irú bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ní ọjà ni ẹ wà. Ẹ fún un pọ̀, ẹ fi orí ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì tú ọwọ́ tó fún un sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù náà bá fa ìka yín mọ́ra, tó sì wà ní rírún bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi mú ìka kúrò, ó dára fún Packard. Bí ó bá tún yọ padà sí roboto láìfa ìka yín, fáàfù tàbí ihò wà lára rẹ̀.

Èyí tó yege jù nínú ìdánwò yìí lọ́wọ́ mi ni bọ́ọ̀lù rọ́bà tí àwọn ìyá fi ń fa ikun imú ọmọ ìkókó, àti èyí tí wọ́n fi ń da omi sí etí láti fọ ìdọ̀tí rẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, kò ní fáàfù, ilé ìtajà oògùn kankan kò sì ní ṣàì ní in. Èyí tó kéré ń gba nǹkan bí mìlílítà 30, èyí tó tóbi ń gba 60 tàbí 90. Ẹ fi abẹ gé ẹnu rẹ̀ tó tín-ín-rín títí tí ihò rẹ̀ yóò fi gba páìpù ike kékeré tí ẹ ó fi so ó mọ́ rọ́bà gígùn. Bí bọ́ọ̀lù dókítà bá ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀, ẹ lè tú fáàfù iwájú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì yọ tìdí, kí ẹ fi ṣóńṣó rọ́bà àti gúlúù dí ihò náà pa. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ gan-an, tó ní aṣọ tí wọ́n hun yí i ká bí agbọ̀n, dára láti wò, mo sì mọ àwọn tó ń ná owó ńlá lé e. Ọ̀kan tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnìkan tó búra pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dé pẹ̀lú ìlà dúdú kan lábẹ́ aṣọ náà, nígbà tí mo sì fún un pọ̀, ó là sí méjì. Ẹ ra èyí fún ẹwà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán an.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà gígùn ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni agbára ń ṣòfò sí jù. Afẹ́fẹ́ kò dà bí omi. Bí ẹ bá tì í, ó máa ń kọ́kọ́ rún ara rẹ̀ pọ̀ kó tó ti ohunkóhun. Nítorí náà, gbogbo àyè tó wà nínú rọ́bà yín jẹ́ àyè tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún kí pístìnì tó mọ̀ pé ẹ ń pè é. Rọ́bà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 6 ń gba afẹ́fẹ́ mìlílítà 28 nínú mítà kan, mítà mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 85, tó ju gbogbo ohun tó wà nínú bọ́ọ̀lù mìlílítà 60 lọ. Èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 4 kò gbà ju nǹkan bí 12 àbọ̀ lọ nínú mítà kan, èyí tó jẹ́ 38 ní mítà mẹ́ta. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ óò fi mọ ìdí tí ṣọ́tà kan fi ń là wàrà pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń lọ́ tìkọ̀ pẹ̀lú èyí tó fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá tín-ín-rín jù, afẹ́fẹ́ kì í lè kọjá kíákíá, pàápàá nígbà tó ń padà. Mílímítà 4 ni mo dúró lé fún mítà méjì sókè, 6 fún ohun tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ara rọ́bà náà gbọ́dọ̀ nípọn pẹ̀lú. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀ tó sì fẹ́lẹ́, yóò wú bí ẹ bá ṣe ń fún bọ́ọ̀lù pọ̀, wíwú yẹn ni yóò sì jẹ agbára yín. Rọ́bà sílíkónì kì í tètè gbó, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀ máa ń ká lé ara rẹ̀ níbi tó bá ti tẹ̀, ihò rẹ̀ yóò sì dí. Rọ́bà ike tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹja inú gíláàsì wọ́n-ọ́n-lẹ̀, ó sì ń ṣe dáadáa nínú ilé, àmọ́ ó le gbagidi nínú òtútù Manchester. Rọ́bà dúdú ara ẹ̀rọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà àtijọ́ lẹ rí, ẹ má ṣe so ó mọ́ ṣọ́tà kí ẹ tó fẹ́ inú rẹ̀ síta dáadáa, nítorí pé inú rọ́bà tó ti gbó máa ń di ẹ̀tù, bí ẹ bá sì fún bọ́ọ̀lù pọ̀, gbogbo ẹ̀tù yẹn yóò kọrí sínú sìlíńdà. Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ ri ín sínú abọ́ omi, ẹ dí ẹnu kan, kí ẹ fẹ́ ẹnu kejì. Omi tó bá ń hó ni yóò sọ fún yín.

Nípa oríṣi òde òní tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà kámẹ́rà, tó ní rọ́bà mítà mẹ́ta tàbí mẹ́fà àti ṣóńṣó irin tí a ń dè mọ́ ihò wáyà ara ṣọ́tà Copal tàbí Compur, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣọ́tà tó ti ní ihò wáyà, tó sì ní sipíríǹgì tirẹ̀, ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kìkì pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ṣóńṣó yẹn ń jáde tó láti yọ ìkọ́ ṣọ́tà yín, torí pé àwọn ṣọ́tà àgbà kan ń fẹ́ títì tó jìn ju èyí tí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ lè tì lọ. Fún Packard, kò wúlò.

Ohun kan tó kù tí mo fi ojú ara mi rí ni ìwúwo rọ́bà náà. Rọ́bà mítà mẹ́ta tó ń fà sílẹ̀ láti ara pákó lẹ́ǹsì yóò máa fa pákó náà, bí ẹnìkan bá sì fẹsẹ̀ kọ́ ọ, kámẹ́rà lè ṣubú. Mo máa ń fi okùn dì í mọ́ ẹsẹ̀ ìdúró kámẹ́rà ní ibi méjì, kí n fi ìwọ̀nba rọ́bà tó dẹ̀ sílẹ̀ láàárín okùn òkè àti ṣọ́tà.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo tún to gbogbo rẹ̀. Mo fi bọ́ọ̀lù afọ-etí tó ń gba mìlílítà 90 àti rọ́bà mílímítà 4 tó gùn ní mítà mẹ́ta so mọ́ Packard náà, mo sì dán an wò ní ìgbà ogún láìfi fíìmù síbẹ̀. Ó ń là, ó ń padé, kò ṣe tìkọ̀. Màmá jókòó, ó sì tún gèlè rẹ̀ tò. Nígbà tí mo fẹ́ mú bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́, ó na ọwọ́ sí mi.

"Gbé e wá. Ṣé èmi náà lè tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, Màámi. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fún un pọ̀, ẹ ka ení nínú ọkàn yín, kí ẹ sì tú u sílẹ̀."

Mo gba rọ́bà náà gba abẹ́ àga, mo fi etí ìró rẹ̀ bò ó, mo sì fi bọ́ọ̀lù sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí orúnkún. Mo fa pátákó dúdú jáde, mo sì kúrò nídìí kámẹ́rà lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ó ti lè rí mi. Kò yára. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró Packard náà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó là àti nígbà tó padé. Lórí fíìmù ínǹṣì 8 sí 10 tó ń gbẹ lórí okùn báyìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ́ gbalaja lórí orúnkún, ọ̀tún sì di ẹ̀ṣẹ́, tí ìdí bọ́ọ̀lù náà yọ díẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá.